Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì Kò Gbà Pé Ẹ̀rọ Ti Kú

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá bàbá mi, wọ́n pín ìwé pélébé kan fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, pé sùúrù rẹ̀ kò lópin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo pósí níwájú. Díẹ̀ ló kù kí n ní kí wọ́n ṣí i, kí n wò bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá.

Irọ́ ni. Ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí omijé kò tíì gbẹ lójú wa. Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì, àbúrò bàbá mi, ló kọ ìwé náà, ó sì mọ ìdí tí ó fi kọ ọ́. Bí a bá ti lè sọ pé ènìyàn kò jà rí, ohun tí ó jà fún kò ní pẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ.

Nítorí náà, èmi Sámúẹ́lì, tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, tí mo ṣe mẹ́síńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀wọ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì, mo ní kí n kọ tèmi. Èdè Ọ̀wọ̀ ni Ìyá fi sọ gbogbo ohun tí n óò kọ yìí. Mo yí i sí èdè ìwé kí ẹni gbogbo lè kà á. Bí ata rẹ̀ bá dín kù, èmi ni kí ẹ bá wí.

Rèbékà ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n bí o bá béèrè Rèbékà ní Ìdóàní, wọn á kàn wò ọ́ lójú ni. Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí, ọkọ ló gbé e dé Ìdóàní, ọkọ sì kú nígbà tí bàbá mi ṣì kéré, tí Ìyá ṣì ń pọn Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì. Wọ́n ní kí ó mú ọkùnrin mìíràn nínú ẹbí. Ó lọ ra ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ ata àti èlùbọ́. Àwọn ìyàwó ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, “Rèbékà, ṣé ẹ́ńjìnnì ni yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ilé?”

Ó ní, “Òun kì í parọ́.”

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó fi ń kan irin, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, torí pé àtẹ́lẹwọ́ a máa di ohun tó ń jó o mú, ẹ̀yìn ọwọ́ a sì sá. Bí ó bá ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì báyìí, á sọ ohun tó ń ṣe é. Ó tún ní agolo mílíìkì. Kì í ju agolo nù. Á gé e, á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, á sì tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kí ó má baà gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó di ìwà. Agolo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Agolo wà lábẹ́ àga tí ó máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó wá kí mi ní Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn tí mo gbéyàwó, tábìlì mi mì bí ó ṣe gbé ife lé e, ó kàn ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó yọ agolo jáde. Kò tíì kí ìyàwó mi tán. Gbogbo àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ la mọ gbólóhùn náà bí ẹni mọ àdúrà: “Ohun tó bá ń gbọ̀n, ẹ tì í nídìí.”

Ìjà rẹ̀ kò lóǹkà. Kátíkíìsì wa ayé ọjọ́un, Bàbá Olúgbẹ́mi, wá bá a pé ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà àwọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ìyá kò pa ẹ́ńjìnnì. Èlùbọ́ ló ń lọ̀, ìyẹ̀fun ti bo ojú rẹ̀ funfun bí iwin. Ó ní, “Ọlọ́run tó gbọ́ Jónà nínú ikùn ẹja, yóò gbọ́ yín.”

Ti Màmá Fẹ̀lísíà ló pẹ́ jù. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ó ń ta èlùbọ́, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Ó ní Ìyá lọ èlùbọ́ òun lẹ́yìn ata láìfọ ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà òun sì ń sín nídìí ọbẹ̀. Ìyá ní òun fọ ẹ̀rọ. Màmá Fẹ̀lísíà ní kò fọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò fi kí ara wọn, ògiri kan ló sì wà láàárín wọn. Bàbá mi bẹ Ìyá títí pé kí ó kàn sọ pé kí ó má bínú, kí ọ̀rọ̀ tán. Ìyá wò ó. “Mi ò jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tí mo bá jẹ̀bi, n óò sọ fún un yín, ẹ ò ní bi mí.” Bàbá mi retí ọjọ́ náà títí ó fi kú.

Ọ̀nà tí ó ń gbà tún ẹ̀rọ ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì ọdún kan, tí gbogbo ìlú to abọ́ ata sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì kọ̀. Bí a bá yí i, á mí lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Mekáníìkì kan tó ń jẹ́ Múfú ní inú rẹ̀ ti kán, kí Ìyá wá òmíràn rà. Ìyá ní, “Bọ́ ọ sí ìhòòhò ná.” Bẹ́líìtì ló ní lọ́kàn, ìyẹn okùn rọ́bà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ ìlọta. A yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì nìkan ṣoṣo kù nílẹ̀. A yí i, ó sì dún, ó ń kọrin. Ìyá wá lọ tú ẹ̀rọ ìlọta wò, ó bá ìṣó kan tó há sáàárín irin méjèèjì, inú ata oníbàárà kan ló bá wọlé. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ hó yèè. Ìyá gbé ìṣó náà sókè níwájú Múfú, ó ní, “Ẹrù ló wúwo. Ẹlẹ́rù kò kú.”

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ.

Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní pólì ní Ọ̀wọ̀. Ó ní òun kò wá iṣẹ́ ìjọba kiri, òun fẹ́ ṣí ibi tí wọn yóò ti máa tẹ ìwé ní Ìdóàní, kí ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà má baà wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ mọ́. Kò ra kọ̀ǹpútà odidi. Wẹ́wẹ́ ni ó rà á. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ nǹkan, ó ra àpótí irin rẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó ra bọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn pátákó aláwọ̀ ewé tí gbogbo ọpọlọ ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀. Orí tábìlì oúnjẹ mi ló ti tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó tàn án ní ọjọ́ Ajé kan, tí ojú rẹ̀ tó dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n là, èmi àti ìyá Bọ́sẹ̀ pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó rí ọmọ tuntun.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì Ìyá ni a fẹ́ gbé e sí. Ojú Ìyá ti ṣú nígbà náà, kò ríran mọ́, ẹ́ńjìnnì sì ti dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù wà lásán. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì sì ń ta sìmẹ́ńtì, ó ti pẹ́ tí ó ti ń wá ibi tí yóò kó o sí. Ó mú ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn àgbà ẹbí. Wọ́n ní ibi tí iṣẹ́ kò bá sí, ẹbí ló ni ín. Kí Bọ́sẹ̀ tan ẹ̀rọ rẹ̀ lójú àwọn ní ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá ṣiṣẹ́, kí ó jókòó síbẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí sìmẹ́ńtì wọlé, kí Bọ́sẹ̀ sì lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Elegbeka, kí ó máa bá wọn din gàrí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a gbé kọ̀ǹpútà wọkọ̀. Mo gbé e lé itan mi láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdóàní. A gbé e kalẹ̀, Bọ́sẹ̀ tẹ súìṣì. Fáànù kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mira díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ yí ọrùn, ó sì dúró. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún mira, ó tún dúró.

Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Bọ́ọ̀dù ti jóná. Ẹ máa sin ín.” Kí oòrùn tó wọ̀, Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì ti ń sọ ọ́ kiri pé Bọ́sẹ̀ ti jó ẹ̀rọ, pé ọmọbìnrin ló tò ó, kí ni a ń retí? Bọ́sẹ̀ kò jẹun. Ó kàn jókòó ti àpótí náà bí olókùnrùn.

Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá pè mí.

“Sámú.”

“Ìyá.”

“Ta ló rí òkú rẹ̀?”

“Rótìmí ní bọ́ọ̀dù…”

“Mi ò bi ọ́ ohun tí Rótìmí ní. Ṣé ó bọ́ aṣọ rẹ̀ wò?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní aláìsàn ti kú. Mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù.”

Mo mú un lọ, ó jókòó sórí àpótí ìtìsẹ̀ rẹ̀ àtijọ́. “Bọ́sẹ̀, ibo ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wọlé?”

“Láti ara ògiri ni, Ìyá.”

“Bi ògiri.”

Bọ́sẹ̀ ki wáyà gílóòbù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ó tàn. Ó ki í bọ ẹ̀yìn sitabiláísà, ìyẹn àpótí tó ń tún iná ṣe kí ó tó dé ara kọ̀ǹpútà, ó tàn. Ó yọ wáyà kọ̀ǹpútà, ó fi wáyà ojú kọ̀ǹpútà náà dípò, kò yàtọ̀. Ó wo súìṣì pupa kékeré tó wà lẹ́yìn bóyá iná òyìnbó Amẹ́ríkà, tí kò lágbára tó tiwa, ni wọ́n fi í sí. Iná tiwa ni wọ́n fi í sí.

“Ọ̀fun kò dí,” Ìyá ní. “Inú ló wà. Yọ ọ́ lára ògiri kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bọ́ ọ sí ìhòòhò.”

Bọ́sẹ̀ yọ ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó ìwé pamọ́ sí, ó tàn án wò: ó mira, ó dúró. Ó yọ ibi tí a ń ki díìsìkì pẹlẹbẹ bọ̀, bákan náà ni. Ó yọ káàdì gbogbo, títí kan èyí tó ń gbé àwòrán lọ sójú rẹ̀, bákan náà ni. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹní. Ibẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì ti wọlé pẹ̀lú àgbà ẹbí méjì, Pàá Bámidélé àti Pàá Ọlárewájú. Téèpù ìwọnlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wá wọn ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé adìyẹ lẹ ń kun ni? Ìfun rẹ̀ nìyí nílẹ̀. Àní ìhòòhò gbáà ló wà!”

Ìyá kò tilẹ̀ yíjú. “Dáníẹ́lì, ìhòòhò ni ìwọ náà wà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ. Mi ò jù ọ́ nù.”

Pàá Bámidélé rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ ti ń sunkún. “Ìyá, kò sí ohun tó kù tí mo lè bọ́. Ó ku bọ́ọ̀dù àti àpótí tó ń fún un níná.”

“Kí ni bọ́ọ̀dù wọ̀?”

“Kò wọ nǹkan kan, Ìyá. Inú àpótí irin ni a dè é mọ́.”

“Irin náà, aṣọ ni. Bọ́ ọ.”

Bọ́sẹ̀ tú síkúrù, ó gbé bọ́ọ̀dù jáde, ó tẹ́ ẹ sórí pátákó ìgé-ẹ̀fọ́ Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wáyà rẹ̀ gùn dé ibẹ̀. Ó ki í mọ́ ògiri. Ó wo ojú Ìyá, bí ẹni pé Ìyá lè rí i. Ó tẹ súìṣì.

Fáànù yí. Kò dúró. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa lẹ́sẹ̀. Nǹkan kan nínú àpótí náà wá ké: píììì, pí, pí.

Bọ́sẹ̀ fò sókè. “Kò rí káàdì ojú rẹ̀! Ohun tó ń sọ nìyẹn! Ó ń wá ojú rẹ̀, Ìyá! Bọ́ọ̀dù kò jóná!”

Ìyá gbé orí sókè. “Ẹni tó bá ń ké, kò tíì kú.”

“Ewúrẹ́ pàápàá ń ké,” Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì dáhùn. “Bí kò bá jóná, kí ló dé tí kò tàn nínú ilé rẹ̀? Ẹni tó tò ó kò mọ̀ ọ́n tò, ìyẹn náà nìyẹn.”

Ìyá ní kí a tún yọ ọ́ lára ògiri. Ó wá na ọwọ́ sínú àpótí irin tó ṣófo. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ni ó fi ń wọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ẹní. Ọwọ́ náà dúró. Ó gbé nǹkan jáde. Agolo mílíìkì ni, tí a tẹ̀ pẹrẹsẹ, tí a ká sí méjì.

Mo mọ agolo náà.

“Yéè!” Bọ́sẹ̀ kígbe. “Irin! Ìdí bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ kan irin, Ìyá, iná á gba ibi tí kò yẹ kọjá. Àpótí iná ló ń rí i tó fi ń pa ara rẹ̀. Mi ò fi í síbẹ̀! Mo fi Bíbélì búra!”

Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ́sẹ̀ lọ wá ọkọ̀, ó fi àpótí sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo fi ìka tẹ bọ́ọ̀dù, mo rí i pé ó ń mì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Mo ronú kan ihò ojú ọ̀nà Ìdóàní. Mo gé agolo, mo ká a, mo tì í sí abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Inú mi dùn, mo ní mo ti dáàbò bo ọmọ mi. Nígbà tí kò tàn, ọkàn mi kò lọ síbẹ̀ rárá. Ta ló máa ń rò pé oògùn tí òun fún aláìsàn ló dá a dùbúlẹ̀?

“Ta ló fi í síbẹ̀?” Ìyá bi wá.

“Èmi ni, Ìyá.”

Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì pàtẹ́wọ́. “Sámúẹ́lì! Àgbàlagbà bí ìwọ! Ẹ ti gbọ́ ọ o, Pàá. Bàbá kò gbọ́n, ọmọ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn lẹ fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù fún?”

Ìyá fi agolo náà lu àpótí irin, gbàà!

“Sámú, ta ló kọ́ ọ?”

Mi ò dáhùn.

“Ó ń bò mí láṣìírí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ohun tó bá ń gbọ̀n, ẹ tì í nídìí: ẹnu mi yìí ló ti jáde, kò sì sí ẹni tí mo sọ fún pé ó ní ẹ̀rọ tí kò yẹ bẹ́ẹ̀ fún. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá jẹ̀bi, n óò sọ, ẹ ò ní bi mí. Ó yá. Mo jẹ̀bi. Bọ́sẹ̀ kò jẹ̀bi, Sámú kò jẹ̀bi. Dáníẹ́lì, o fẹ́ ẹni tí o máa lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù? Èmi nìyí. Lé mi.”

Mo ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà náà, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì tó jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Ó kàn ń wo téèpù ọwọ́ rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ dá bọ́ọ̀dù padà sílé rẹ̀ láìsí agolo. Bí ó ti ń fi ẹrù kọ̀ọ̀kan kún un, Ìyá ń sọ pé, “Tàn án wò,” ó sì ń tàn, títí a fi dá gbogbo rẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ là. Bọ́sẹ̀ tẹ REBEKA gàdàgbà sí i lójú. Pàá Bámidélé tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó wá yíjú, ó ní, “Dáníẹ́lì, ká téèpù rẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá ní kí n mú òun lọ sí ilé kejì. Ó dúró lójú ọ̀nà Màmá Fẹ̀lísíà, ó ní, “Fẹ̀lísíà, mi ò fọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.”

Màmá Fẹ̀lísíà ní, “Mo ti mọ̀ láti ọdún mọ́kànlá.”

“Ìwọ mọ̀. Èmi kò tíì sọ.”

Ẹni tí a sin nìyẹn. Ẹ wá ní obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́? Bọ́sẹ̀ ló tẹ ìwé ìsìnkú náà, lórí kọ̀ǹpútà yìí kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Mo bi í pé báwo ló ṣe lè tẹ irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ohun tí oníbàárà bá mú wá ni mo máa ń tẹ̀.”

Ó dára. Èmi náà ti di oníbàárà. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé, Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì ti ń wí fún àwọn àgbà ẹbí pé torí Ìyá ni wọ́n ṣe gbà, pé Ìyá ti lọ, pé obìnrin tó fẹ́ràn àlàáfíà tó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí a torí ṣọ́ọ̀bù jà. Wọ́n ti fi ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti gbé ìwé yìí fún Bọ́sẹ̀ kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó tẹ ti gbogbo ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò rí i kà. Agolo náà wà nínú àpò mi.

Kí wọ́n tètè dé. Láràárọ̀ tí Bọ́sẹ̀ bá tẹ súìṣì, ẹ̀rọ náà máa ń ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ojú rẹ̀ tó là. Kí Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì mú téèpù rẹ̀ dání, kí ó wá wọn igbe náà wò.